Tépù Lọ́wọ́ Ẹni, Oòrùn Lókè: Yíyan Páńẹ́ẹ̀lì Sólà fún Ilé

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí ọjà l'Ékòó láti ra páńẹ́ẹ̀lì sólà. Èyí tí ọlọ́jà kọ́kọ́ fà jáde dúdú minimini, ó ń dán, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì sọ pé 450 wáàtì ni. Owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀bù kejì lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń tọwọ́ bọ àpò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì mú sùúrù." Mo yọ tépù káfíńtà tó wà lápò mi, mo na án: mítà 1.65 ní gígùn, mítà 0.99 ní ìbú. Mo ká tépù mi. Ọlọ́jà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé yàrá lẹ fẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ni?"

Kò tilẹ̀ sọ̀sọkúsọ. Bíi ti kápẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ páńẹ́ẹ̀lì rí: ibi tó tẹ́ dé náà ló lè bò. Nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ tí oòrùn sì kan àtàrí, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, kò ju nǹkan bí 1,000 wáàtì lọ. Nínú 1,000 yìí, èyí tó dára nínú àwọn páńẹ́ẹ̀lì tí à ń rà lọ́jà sábà máa ń mú 200 sí 230. Ìyókù ń di ooru, òmíràn sì ń ta padà sójú ọ̀run. Bí ẹ bá fi gígùn àti ìbú páńẹ́ẹ̀lì ọjọ́ yẹn ṣe ìsọdipúpọ̀, mítà onígun mẹ́rin 1.63 ni. Kódà kí wọ́n kó ojúlówó kún inú férémù yẹn, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí 375 wáàtì lọ. Irú férémù bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti páńẹ́ẹ̀lì 250 sí 330. Ẹnì kan ló kàn tẹ bébà tuntun, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọjà àtijọ́. Èyí tí a padà rà ní ṣọ́ọ̀bù kejì gùn ní mítà 2.09, ó fẹ̀ ní 1.04. Ìyẹn bá 450 mu.

Iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni tépù, bírò, àti ìṣirò tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè ṣe ìṣirò ọ̀hún kò ní nílò láti mọ orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lórí kó tó ra páńẹ́ẹ̀lì tó dára.

Ó sì ti di ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Láti 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí à ń ra lítà pẹtiróòlù kan kọjá ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúníìtì iná ọba fún àwọn tó wà ní Band A dé nǹkan bí náírà 225. Àwọn tó ti ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I pass my neighbour", yangàn sí ara wọn látọdúnmọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè wo òrùlé.

Yanrìn tó ń mú iná wá

Sílíkọ́nù ni èròjà tí wọ́n fi ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì. Ó wà nínú yanrìn tí bírìkìlà fi ń po sìmẹ́ńtì. Ilé iṣẹ́ á yọ ọ́ kúrò lára ohun tó so mọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ títí tí kò fi ní sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀, wọ́n á wá gé e pẹlẹbẹ. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kò nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Wọ́n á fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bíńtín sí ojú rẹ̀ kan, wọ́n á fi bórọ́ọ̀nù bíńtín sí ojú kejì. Ojú àkọ́kọ́ á wá ní àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò rí ìjókòó. Ojú kejì á ní ìjókòó tí kò rí ẹni jókòó. Níbi tí ojú méjèèjì ti pàdé, ibodè kan wà níbẹ̀, ibodè wanwéè: ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá kò lè fi ẹ̀yìn rìn padà.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jí nínú sílíkọ́nù. Bó bá ti jí, ibodè á tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un láti délé ni wáyà tí a so mọ́ páńẹ́ẹ̀lì. Bó ṣe ń gba inú wáyà lọ sílé ni a ń fi tan gílóòbù, tí a fi ń yí fáànù, tí a fi ń gba iná sínú bátìrì. Kò sí ohun tó ń jóná, kò sí ohun tó ń pariwo, kò sí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni ń pààrọ̀.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tàná. Ọmọ Faransé kan, Edmond Becquerel, ẹni ọdún 19 péré, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná mànàmáná wá. Ṣùgbọ́n ọdún 1954 ni páńẹ́ẹ̀lì tó ṣeé lò jáde, nígbà tí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson fi sílíkọ́nù ṣe ọ̀kan ní Bell Labs lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá bà lé e, nǹkan bí 6 péré ló ń sọ di iná. Ní 1958, wọ́n gbé irú rẹ̀ sórí sátẹ́láìtì Vanguard 1, èyí tó ṣì ń yí ayé po lókè lónìí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fọhùn mọ́. Irú ohun tó bá sátẹ́láìtì lọ sójú òfuurufú náà ló wà lórí páànù wa lónìí.

450 tí kì í pé 450

Ká tiẹ̀ ní ojúlówó lẹ rà. Bí ẹ bá wo ojú ínfátà yín lọ́sàn-án, ẹ ò ní rí 450 lórí páńẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Nígbà míì òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, oòrùn wa ló fà á.

Nínú ilé ìdánwò tí wọ́n ti ń kọ iye yẹn, wọ́n máa ń tan ìmọ́lẹ̀ 1,000 wáàtì sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ara páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á sì wà ní dígírì 25. Níbo ni oòrùn ti ń ràn tó bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn tí ohun tó wà lórí páànù á ṣì tutù tó bẹ́ẹ̀? Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ara páńẹ́ẹ̀lì lè dé dígírì 60, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí 25 ń mú nǹkan bí ìdá 0.35 nínú 100 kúrò lára agbára rẹ̀. Láti 25 dé 60 jẹ́ dígírì 35, ìyẹn ìdá 12 nínú 100. Bí 450 ṣe di nǹkan bí 395 nìyẹn, a ò sì tí ì ka eruku àti wáyà.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹnì kan bá sọ pé, "Oòrùn òní mú gan-an, bátìrì á tètè kún." Ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ páńẹ́ẹ̀lì, ooru kọ́. Ooru tilẹ̀ ń fún un lọ́rùn ni. Ìgbà tí mo ti rí iye tó ga jù lójú ínfátà tèmi ni ọ̀sán kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí páńẹ́ẹ̀lì ti tutù, tí oòrùn wá yọ láàrin àwọsánmà méjì. Ẹ rántí ọ̀sán òjò yìí, mo ṣì ń padà sórí rẹ̀.

Nítorí náà, bí páńẹ́ẹ̀lì méjì bá dọ́gba lówó àti ní wáàtì, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ooru sí lórí ìwé rẹ̀. Èyí tó kọ 0.30 sàn ju èyí tó kọ 0.35 lọ, ti 0.35 sì sàn ju 0.40 lọ. Lórílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n lè fojú fo ìlà yẹn. Ní tiwa, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

Òjìji máńgòrò

Mo jẹ̀bi ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé mi wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Oòrùn bo gbogbo páànù. Wọ́n kàn án mọ́bẹ̀, wọ́n gbowó, wọ́n lọ. Nígbà tó di aago mẹ́ta, òjìji igi máńgòrò aládùúgbò wa rọra gun orí òrùlé wá, ó sì bo ìsàlẹ̀ páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Mo rò pé bí ìdá díẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ òjìji, ìdá díẹ̀ náà ni iná á fi dín kù. Iná gbogbo ọ̀wọ́ náà ló já wálẹ̀.

Ẹ wo àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn. Wọ́n á tò láti ilẹ̀ dé òkè, kálukú á máa gba páànù kọnkéré lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, á sì nà án sí ẹni tó wà lókè. Bí ẹnì kan láàrin bá dúró láti nu òógùn, gbogbo wọn ló dúró. Bí àwọn pẹlẹbẹ sílíkọ́nù ṣe tò nínú páńẹ́ẹ̀lì nìyẹn, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo kò lè ju nǹkan bí ìdajì fóòtì (volt) lọ, àfi kí wọ́n so wọ́n mọ́ra. Èyí tó bá wà lábẹ́ òjìji kì í kàn jókòó jẹ́ẹ́, iná àwọn yòókù lè máa sun ún títí á fi jó dúdú. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, àwọn tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì máa ń fi ẹ̀yà kékeré mẹ́ta tó ń jẹ́ dáyóòdù sínú àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára apá tó bá rẹ̀. Ó ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yọ sílẹ̀: òjìji tó tó àtẹ́lẹwọ́ lè pa ìdá kan nínú mẹ́ta páńẹ́ẹ̀lì kan.

Mo lọ bẹ ìyá tó ni máńgòrò pé kí wọ́n jẹ́ kí n gé ẹ̀ka méjì. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ń jẹ èso ẹ̀ka yẹn gan-an. Páńẹ́ẹ̀lì ló kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, igi dúró.

Ohun tó ń ṣi àwa ará ibí lọ́nà ni pé oòrùn wa kì í dúró sí apá kan. Èkó wà ní nǹkan bí dígírì 6.5 sí òkè agbedeméjì ayé, Ìbàdàn wà ní 7.4. Láàrin oṣù Kẹrin sí ìparí oṣù Kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà sí wa. Lóṣù Kejìlá, ó ti lọ sí gúúsù. Táǹkì omi orí òpó tí kò dí yín lọ́wọ́ nínú oṣù Kejìlá lè bo páńẹ́ẹ̀lì yín nínú oṣù Kẹfà. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí páànù, ẹ kíyè sí òrùlé yẹn ní aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá àti aago mẹ́ta, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ibi tí òjìji táǹkì, díìṣì àti igi máa gbà bí oòrùn bá ṣí sí òdìkejì.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

"Páńẹ́ẹ̀lì mélòó ló lè gbé ilé mi?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn láìkọ́kọ́ bi yín ohun tí ilé yín ń jẹ. Ẹni tó bá dáhùn láìbéèrè, ẹ̀rù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Yúníìtì tí à ń rà sínú mítà ìsanwó-ṣáájú ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan. Fáànù àjà tó ń jẹ 70 wáàtì, bó bá yí fún wákàtí mẹ́jọ, ti jẹ 560. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta. Gílóòbù LED mẹ́fà, 9 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí márùn-ún: 270. Fáànù méjì lóru: 1,120. Tẹlifíṣọ̀n 100 wáàtì àti dẹ̀kódà rẹ̀ 20, wákàtí márùn-ún: 600. Fíríìjì kékeré tó wà lára iná tọ̀sán-tòru: ẹ fi 1,200 sí i. Fóònù gbogbo ilé àti kọ̀ǹpútà alágbèéká: 200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,390, ìyẹn yúníìtì mẹ́ta àti díẹ̀ lójúmọ́.

Ẹ máa kíyè sí i pé kò sí áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ 1,000 wáàtì, ẹ̀rọ ìsè omi ń jẹ 2,000, ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan lè jẹ 900. Èmi ò sọ pé kí ẹ má lò wọ́n. Ẹ lọ aṣọ ní aago kan ọ̀sán nígbà tí oòrùn ń ṣeré, kì í ṣe ní aago mẹ́wàá alẹ́ lórí bátìrì. Ìyá àwọn ọmọ ló máa pinnu ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi ìjókòó tí ẹ ti ń ṣírò.

Oòrùn ń wà lókè fún wákàtí méjìlá, ṣùgbọ́n oòrùn aago méje àárọ̀ kọ́ ni ti aago kan ọ̀sán. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ bíi pé oòrùn kan àtàrí ni gbogbo rẹ̀, ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ló máa ń jẹ́ lójúmọ́. Sókótó ń jẹ ju wa lọ dáadáa. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọsánmà bo Èkó mọ́lẹ̀, tiwa lè wálẹ̀ sí mẹ́ta àbọ̀. Láti inú ohun tó bá sì wọlé, ẹ yọ nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ fún ooru, eruku, wáyà, ínfátà àti bátìrì.

Ẹ wá pín 3,390 sí 0.7, ó di 4,843. Ẹ pín ìyẹn sí wákàtí mẹ́rin, ó di 1,211 wáàtì. Páńẹ́ẹ̀lì 450 mẹ́ta jẹ́ 1,350. Ó tó, àbí? Nínú oṣù Kẹjọ, ní wákàtí mẹ́ta àbọ̀, 3,307 ni mẹ́ta yẹn á gbé wọlé. Ó fi díẹ̀ kù. Ilé yìí á máa gbọ́ bùkátà títí dé oṣù Keje, á wá máa fi ojú wá iná ọba.

Mi ò ní tú gbogbo ọ̀rọ̀ bátìrì síbí, torí ó gùn. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé nǹkan bí 2,600 nínú oúnjẹ ilé yìí ló jẹ́ ti òru. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó gba yúníìtì márùn-ún á gbé e tẹ̀ríntẹ̀rín. Bátìrì olómi méjì tó jẹ́ fóòtì 12, áńpù-wákàtí 220, á gbé e tipátipá, nítorí ìdajì ohun tó wà nínú wọn ló yẹ ká máa lò kí wọ́n lè pẹ́.

Mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin

Ọ̀rẹ́ mi kan l'Abẹ́òkúta ra mẹ́ta. Oní-sólà tó bá a ṣe é so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn. Bí a bá so páńẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé ara wọn báyìí, orí ọmọ sí ẹsẹ̀ ìyá, fóòtì wọn ló ń pọ̀ sí i. Bí a bá so orí mọ́ orí, ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, áńpù wọn ló ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n kọ ọ́ pé bí kò bá sí ohun tó ń fa iná rẹ̀, ó lè dé fóòtì 49.5. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 148.5. Lára ínfátà, wọ́n kọ ọ́ pé páńẹ́ẹ̀lì tó bá ju fóòtì 145 lọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Oní-sólà fi mítà wò ó lọ́sàn-án gangan. Mítà sọ pé 134. Ọkàn kálukú balẹ̀. Ohun tí wọn ò rántí ni pé ooru ń fa fóòtì náà wálẹ̀. Ó lo oṣù bíi mélòó kan. Ọ̀sán kan, òjò rọ̀, ó dá, páńẹ́ẹ̀lì tutù nini, bátìrì sì ti kún, kò sí ohun tó ń fa iná. Oòrùn yọ lójijì. Ínfátà dún "pòò!", òórùn rọ́bà jíjó gba palọ̀ kan. Wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé àrá ló sán pa á. Kò sí àrá lọ́jọ́ yẹn.

Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni mo bá a yàn lẹ́yìn ìyẹn: méjì tẹ̀lé ara wọn, ó di 99, méjì mìíràn bẹ́ẹ̀, a wá so ìdì méjèèjì ní orí mọ́ orí. Fóòtì 99 jìnnà sí 145 tó bẹ́ẹ̀ tí ọyẹ́ kankan ò lè gbé e débẹ̀. Ilé tí a ṣírò lókè náà, mẹ́rin ni kó rà. Mẹ́rin á gbé 4,410 wọlé nínú oṣù Kẹjọ, ilé á sì jẹ yó. Ẹ ṣáà rí i dájú pé ínfátà tí ẹ fẹ́ rà lè gba 1,800 wáàtì lọ́wọ́ páńẹ́ẹ̀lì, torí ìlà kan wà lára rẹ̀ fún ìyẹn náà.

Dúdú, búlúù, tòkunbọ̀

Páńẹ́ẹ̀lì búlúù tó ń tàn wínniwínni jẹ́ ti sílíkọ́nù tí wọ́n dà pọ̀. Ti dúdú jẹ́ ti sílíkọ́nù ẹlẹ́yọ kan. Dúdú ń mú ìmọ́lẹ̀ ju búlúù lọ láti inú àyè kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíwọ́ búlúù pátápátá, nítorí náà búlúù tí wọ́n bá pè ní tuntun lónìí ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti lò ó rí. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó ju ìdá 80 nínú 100 páńẹ́ẹ̀lì ayé lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ti Jámánì ni" gbówó lé yín lórí láìfi ìwé hàn yín.

Ṣé kí ẹ san owó lé e fún irú tuntun tó ń mú ìdá 22 tàbí 23 nínú 100 ìmọ́lẹ̀? Bí òrùlé yín bá kéré, bẹ́ẹ̀ ni. Bí òrùlé yín bá tẹ́ rẹrẹ bíi ti ilé alájà kan tí a ń kọ́ láyé àtijọ́, ẹ fi owó yẹn ra páńẹ́ẹ̀lì kan sí i. Èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lójú àti lẹ́yìn dára lórí òpó tàbí lórí dẹ́kìn tí wọ́n kùn ní funfun. Lórí páànù, ẹ̀yìn rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Páńẹ́ẹ̀lì kì í tètè kú. Ojúlówó ń pàdánù nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú 100 agbára rẹ̀ lọ́dún, àwọn tó ń ṣe é sì sábà máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé lẹ́yìn ọdún 25 yóò ṣì máa mú ìdá 80 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Nítorí náà tòkunbọ̀ kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó fi mítà wọn fóòtì rẹ̀ níwájú yín kò tí ì fi nǹkan kan hàn yín. Iye pẹlẹbẹ tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu fóòtì, kódà èyí tó ti gbó ń gbé fóòtì sókè. Áńpù ni kó wọ̀n. Kí ó lo mítà onímú tó ń há wáyà mọ́ra, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kí iye tí ẹ bá rí sún mọ́ iye tó wà lẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì. Kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é o, iná páńẹ́ẹ̀lì kì í ṣe eré. Ẹ yẹ ojú gíláàsì wò fún ìlà tó dà bí ipa ìgbín, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn bóyá ibì kan jó.

Ohun kan tún wà tó gba ìṣẹ́jú kan péré. Lórí bébà ẹ̀yìn, ẹ wá fóòtì àti áńpù ìgbà tí páńẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ jù, ìyẹn Vmp àti Imp. Ẹ fi wọ́n ṣe ìsọdipúpọ̀. Fóòtì 41 àti áńpù 11 jẹ́ 451, ó bá 450 mu. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú bébà sábà máa ń yí wáàtì nìkan, wọ́n á gbàgbé àwọn ìlà yòókù. Èmi ti rí 400 tí ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 265.

Lórí òrùlé

Ẹ jẹ́ kí ojú páńẹ́ẹ̀lì kọ sí gúúsù, kó dagun díẹ̀, dígírì 10 sí 15. Kì í ṣe torí oòrùn nìkan. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi òjò á kó eruku jọ sí ìsàlẹ̀ férémù, á gbẹ mọ́bẹ̀, òjìji mìíràn dé nìyẹn. Bí ilé yín bá kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ẹ má dà á láàmú: níbi tí a wà, ohun tí ẹ máa pàdánù kò pọ̀. Ẹ fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàrin páńẹ́ẹ̀lì àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, ẹ ṣáà ti mọ ohun tí ooru ń ṣe. Páńẹ́ẹ̀lì kan ń wọn kílò 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà igi abẹ́ páànù ni kí wọ́n kàn án mọ́, kì í ṣe páànù lásán. Ìjì oṣù Kẹta kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Wáyà ilẹ̀ ni àwọn oní-sólà máa ń fò dá jù lọ, torí ẹni tó ni ilé kò ní béèrè. Ẹ béèrè. Férémù gbogbo páńẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ní wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ wọnú ilẹ̀, kí ohun tó ń gba ìjà àrá sì wà láàrin páńẹ́ẹ̀lì àti ínfátà. Ṣàngó kì í ka gàráńtì.

Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo ojú gíláàsì bí ẹ̀tù. Omi lásán àti kànìnkànìn tó rọ̀ ló tó láti fi fọ̀ ọ́, láàárọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú. Omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè là á. Ẹ má fi ọṣẹ líle tàbí kànìnkànìn onírin bà á jẹ́.

Ìwé tí ẹ máa gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà ńkọ́? Ọdún 25 tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wà lókè òkun ló kọ ọ́. Ẹ bi ọlọ́jà tó wà níwájú yín léèrè ọdún mélòó òun fúnra rẹ̀ fi gba ẹjọ́, kó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára páńẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe oní-sólà kankan. Lálẹ́ òní, kí gbogbo ilé jókòó, kí ẹ kọ ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wákàtí tó fi ń jẹ ẹ́. Bó bá di ọ̀la, ẹ yá tépù lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò yín.